Orúkọ Tí Moyinolúwa Pa Rẹ́

Ìjà ni Moyinolúwa àti Ọbalolúwa fi pàdé. Ọdún 2018 ni, nígbà tí wọ́n wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Kábà. Olùkọ́ wọn nínú ìṣirò, Dókítà Lájídé, pín kíláàsì sí mẹ́ta-mẹ́ta. Ó ní kalikúlọ́ọ̀sì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń há sórí. Kí gúrúùpù kọ̀ọ̀kan jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan, kí wọ́n jọ ya ìlà, kí wọ́n jọ jiyàn, kí wọ́n sì jọ kọ ìwé kan ṣoṣo. Ogójì máàkì ló wà lórí ìwé náà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí lójú ìwé àkọ́kọ́, òdo ni.

Moyinolúwa ni olórí gúrúùpù tiwọn. Monica, ọmọ Kábà bíi tirẹ̀, ni ẹnì kejì. Ẹnì kẹta ni Ọbalolúwa, ọmọ Makútù ní ilẹ̀ Ìyàgbà, ọmọkùnrin gíga tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í yára sọ̀rọ̀, tí kì í sì í tètè dé.

"Aago mẹ́wàá la sọ," ni Moyinolúwa wí ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kò tilẹ̀ yíjú kúrò lára kọ̀ǹpútà.

"Iná ò tíì dé ní aago mẹ́wàá. Kí ni ẹ̀ ń ṣe nínú òkùnkùn?"

"À ń dúró dè ọ́."

"Ó dáa, mo ti dé. Ẹ má dúró mọ́."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Moyinolúwa fẹ́ràn kí ìdáhùn jáde, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n kọjá sí òmíràn. Ọbalolúwa ò jẹ́. Bí kọ̀ǹpútà bá ya ìlà tó gun òkè tó sì tún sọ̀ kalẹ̀, á ní kí wọ́n dúró. Ní ọjọ́ kan Monica bi wọ́n pé kí ló dé tí ìdáhùn fi máa ń jẹ́ òdo ní góńgó orí ìlà náà. Kí Moyinolúwa tó la ẹnu, Ọbalolúwa ti dáhùn.

"Ṣé o ti gun òkè rí? Bí o bá dé orí rẹ̀ pátápátá, ìṣísẹ̀ tí o ò gùn mọ́, tí o ò sì tíì máa sọ̀ kalẹ̀, ibẹ̀ ni òdo wà."

Monica pàtẹ́wọ́. Inú bí Moyinolúwa, nítorí pé láti ọjọ́ tó ti ń gba máàkì tó ga jù lọ, kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀ rí, òun náà kò sì ronú kàn án.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan Ọbalolúwa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù pé ibà dá òun dùbúlẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Moyinolúwa àti Monica ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì rí i tó ń pariwo bí ẹni tó ní ọ̀fun méjì. Monica rẹ́rìn-ín. Moyinolúwa kò rẹ́rìn-ín. Ó fi í sínú.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n fi ìwé sílẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ mìíràn tún dé. Moyinolúwa wà nínú yàrá kọ̀ǹpútà, Monica wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí Ọbalolúwa kọ rèé: *Wọ́n gbé bàbá mi wá sí ilé ìwòsàn ní Ẹ̀gbẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo wà. Mo ti ṣe tèmi dé ìdajì. Jọ̀ọ́, ẹ bá mi parí ìyókù.*

"Ta ni?" ni Monica bi í.

"Kò sí ẹnì kankan."

Ó tún un kà. Ó rántí pápá bọ́ọ̀lù. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé: ibà lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá lọ́sẹ̀ yìí, ta ló máa wá kú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Ó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ lórí fóònù. Ó ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́ lórí kọ̀ǹpútà, ó pa orúkọ Ọbalolúwa rẹ́, ó sì fúnra rẹ̀ ṣe ìdajì iṣẹ́ tó kù.

"Ẹ̀yin méjì péré?" ni Dókítà Lájídé béèrè ní ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé sílẹ̀.

"Ẹnì kẹta ò ṣiṣẹ́, sà."

Ọjọ́ tí wọ́n ń gba ìwé ẹ̀rí ni Monica sọ fún un. "O ò gbọ́ pé bàbá Ọbalolúwa kú? Ẹ̀gbẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ tá a fi ìwé wa sílẹ̀ gan-an."

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá yin Moyinolúwa fún máàkì rẹ̀, ńṣe ló máa ń dà bíi pé wọ́n ń bú u.

Dókítà Lájídé ní kí ó dúró fún ọdún kan, kí ó máa ran òun lọ́wọ́ nínú yàrá kọ̀ǹpútà. Moyinolúwa ló ń lọ láti ìdí kọ̀ǹpútà kan sí èkejì lọ́jọ́ tí kíláàsì tuntun bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Ọbalolúwa wọlé. Nítorí òdo tó gbà nínú kalikúlọ́ọ̀sì nìkan ló ṣe padà wá lo odidi ọdún kan pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó rí Moyinolúwa. Ó lọ jókòó sí ìkángun, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kọ̀, tí kò bi í ní ohunkóhun. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìbéèrè kan dé. Àgbẹ̀ kan ní wáyà tó gùn ní ọgọ́fà mítà. Ó fẹ́ fi yí oko rẹ̀ ká, ṣùgbọ́n àpáta ti dí ẹ̀gbẹ́ kan. Báwo ni yóò ṣe nà án tí oko náà yóò fi tóbi jù lọ?

"Ta ló kọ ìbéèrè yìí?" ni Ọbalolúwa wí sókè. "Kò dé oko rí. Ẹnu ọ̀nà ńkọ́?"

"Dáhùn ohun tí wọ́n bi ọ́," ni Moyinolúwa dá a lóhùn láti iwájú.

"Mo ti dáhùn. Ọgbọ̀n mítà ní ìbú, ọgọ́ta ní òró."

"Kọ̀ǹpútà ní ogójì ní ogójì."

"Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló ní ogójì."

Ọbalolúwa dìde, ó gba ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ sára pátákó. Ogójì ní ọ̀nà ogójì, ẹgbẹ̀jọ. Ọgbọ̀n ní ọ̀nà ọgọ́ta, ẹgbẹ̀sán. Moyinolúwa yẹ ohun tó tẹ̀ wò, ó sì rí i pé ńṣe ni òun kàn pín wáyà náà dọ́gba sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta. Àwọn ọmọ kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Àṣìṣe mi ni," ló wí.

Ọbalolúwa yíjú wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ó le láti sọ, àbí?"

Lẹ́yìn kíláàsì, Moyinolúwa sá tẹ̀ lé e títí dé abẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ọ́fíìsì. "Mo gbọ́ nípa bàbá yín," ló wí. "Ẹ kú ìdárò."

"Ọdún kan rèé."

"Mo mọ̀."

Ọbalolúwa fara ti igi náà. "Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ láti Ẹ̀gbẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa lọ́jọ́ náà. Mo ti rò ó títí, mo sì mọ̀ pé kò dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ká ní ó dé ni, o ò ní ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí mi."

Moyinolúwa la ẹnu. Òótọ́ wà ní ẹnu rẹ̀, ó gbóná bí iyán ojú odó. Ó gbé e mì.

"Mi ò rí nǹkan kan," ló wí.

Orí irọ́ yẹn ni ìfẹ́ wọn dúró lé. Wọn ò dáwọ́ àríyànjiyàn dúró, ṣùgbọ́n ó wá di pé bí Ọbalolúwa kò bá sí nínú yàrá kọ̀ǹpútà, ọwọ́ Moyinolúwa kì í lọ síbi iṣẹ́. Ọbalolúwa yege, òun ló gba máàkì tó ga jù nínú ìṣirò lọ́dún yẹn. Ó rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ní Lọ́kọ́jà. Moyinolúwa di olùkọ́ ìṣirò ní ilé-ìwé girama kan ní Kábà. Ọdún mẹ́ta ni Ọbalolúwa fi ń wọ mọ́tò wá lọ́jọ́ Sátidé, tó ń padà lọ́jọ́ Àìkú. Ìgbà mélòó ni Moyinolúwa pinnu pé Sátidé yìí ni òun máa sọ ọ́? Bí ó bá ti rí i tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, tó ń fi ojú wá a, ọkàn rẹ̀ á ní: jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nígbà tí Ọbalolúwa ní kí ó jẹ́ kí àwọn ṣègbéyàwó, ó gbà. Ọbalolúwa sì mú un lọ sí Makútù lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Rachel ni orúkọ ìyá náà, obìnrin àgbẹ̀ tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Apá òsì rẹ̀ kò nà tán. Moyinolúwa kúnlẹ̀, ó kí i bí wọ́n ṣe ń kíni nílẹ̀ wọn.

"Ẹ okun o, mà."

"Okun, ọmọ mi. Dìde, jókòó. Kí ni orúkọ rẹ?"

"Moyinolúwa, mà."

Ojú ìyá náà yí padà. "Moyinolúwa wo? Ti Kábà? Ti kọ̀ǹpútà?"

"Màámi, ó ti pẹ́," ni Ọbalolúwa wí.

"Ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ orúkọ náà, mi ò sì gbàgbé. Kò pẹ́." Kò gbé ojú kúrò lára Moyinolúwa. "Gbọ́ mi, ìwọ ọmọ yìí. Nígbà tí bàbá rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí ọmọ yìí padà sílé-ìwé. Ọmọ yìí ní kò séwu, pé àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ò ní jẹ́ kí òun ṣubú. Ọkàn ọkọ mi balẹ̀. Inú ìgbàgbọ́ yẹn ló kú sí. Ó gbára lé ọ, ìwọ tí kò fojú rí."

"Mà…"

"Mi ò tíì parí. Lọ́dún tó yẹ kí ọmọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lóko, ó padà lọ ń kọ́ ohun tó ti mọ̀. Èmi nìkan ni mo kọ ebè. Mo ṣubú lórí àpáta, apá mi dá, kò sẹ́ni tó gbọ́ igbe mi títí oòrùn fi wọ̀. Wò ó." Ó na apá náà débi tó lè dé. "Dìde lórí àga mi."

Moyinolúwa dìde.

"Màámi, kò mọ̀ nígbà náà!" ni Ọbalolúwa pariwo. "Ọ̀rọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀! Ẹ̀ ń kórìíra ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀!"

"Mú un jáde."

Nínú mọ́tò tí wọ́n wọ̀ padà, Ọbalolúwa ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Moyinolúwa ní gbogbo ọ̀nà. Moyinolúwa ń wo ìta. Kò lè wo ojú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá Moyinolúwa lóbìnrin, Ìyá Agatha, gbà láti ṣe alárinà. Ó lọ sí Makútù lẹ́ẹ̀kíní, wọn ò fún un lómi. Ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, iṣu àti epo tó gbé lọ ni ìyá Ọbalolúwa gbé tẹ̀ lé e títí dé gáréèjì, tó sì kó sínú mọ́tò fún un. Ìgbà tó délé, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá Moyinolúwa, Tíṣà Ayọ̀wálé, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́.

"Ọmọ mi kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ń dá padà," ni Tíṣà wí. "Moyin, pe ọmọkùnrin náà. Sọ fún un pé kò gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀ ilé yìí mọ́."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí ni o ṣe fún obìnrin yẹn? Ọmọ aláìṣẹ̀! Ìkà ni obìnrin náà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ìkà ni," ni Ìyá Agatha gbè é.

Ohun tí Moyinolúwa kò lè fara dà nìyẹn. Oṣù mẹ́fà kọjá. Pásítọ̀ ìyá náà bá a wí, àwọn àbúrò rẹ̀ bá a wí, Ọbalolúwa kò wọ Makútù mọ́, ó ní òun ò ní ìyá títí ìyá òun yóò fi ronú pìwà dà. Gbogbo ayé dojú kọ opó kan ṣoṣo, Moyinolúwa nìkan ló sì mọ̀ pé obìnrin náà kò ṣì í sọ.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, kò dúró de àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ó wọ mọ́tò lọ sí Makútù. Ó bá ìyá náà lẹ́yìnkùlé tó ń gé ẹ̀bù iṣu tí wọ́n fẹ́ gbìn.

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, mà." Ó kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀. "Ọ̀rọ̀ tí Ọbalolúwa fi ránṣẹ́ láti Ẹ̀gbẹ̀, ó dé ọ̀dọ̀ mi."

Ọ̀bẹ dúró lórí iṣu. "Tún un sọ."

"Ó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé irọ́ ni, mo sì pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo pa orúkọ rẹ̀ rẹ́."

"Ọmọ mi mọ̀?"

"Kò mọ̀, mà. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún."

Ìyá náà kò pariwo. Ó gbé ọ̀bẹ kalẹ̀, ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín ẹ̀rín kan tí kò ní adùn nínú.

"Wọ́n ní orí mi ti dàrú. Wọ́n ní ọ̀fọ̀ ọkọ mi ló mú kí n máa wá ẹni tí n ó kórìíra. Ọmọ tí mo bí sọ ọ́ sí mi lójú. Lóru, mo ti ń bi ara mi pé ṣé kì í ṣe òótọ́ ni wọ́n ń sọ." Ó mú ẹ̀bù iṣu kan, ó tún sọ ọ́ sílẹ̀. "O ṣe mí níbi, o ṣe ọkọ mi níbi. Ṣùgbọ́n ìwọ nìkan ló wá sọ fún mi pé orí mi pé."

"Ẹ dárí jì mí, mà."

"Mi ò tíì lè ṣe ìyẹn. Mi ò fẹ́ràn rẹ."

"Mo mọ̀, mà."

"Lọ sọ fún un kí oòrùn tó wọ̀. Bí ó bá gbọ́ tán tó ṣì fẹ́ ọ, mi ò ní dí ọ̀nà. Bí o ò bá sọ ọ́, èmi ni n ó sọ ọ́, kò sì ní dára lẹ́nu mi."

Ọjọ́ náà ni Moyinolúwa pàdé Ọbalolúwa ní gáréèjì Kábà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró, láàárín àwọn tó ń ru ẹrù. Ọbalolúwa kò bú u. Ohun tó bi í kò ju ẹyọ kan lọ.

"Lábẹ́ igi máńgòrò, nígbà tí mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa?"

"Mo mọ̀ nígbà náà."

"O jẹ́ kí n pe ìyá mi ní ìkà. Oṣù mẹ́fà ni mi ò fi wo ojú ìyá mi nítorí rẹ." Ó padà wọ mọ́tò tó gbé e wá. Nígbà tí Moyinolúwa pè é lọ́jọ́ kejì, ó ti pa fóònù rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Moyinolúwa ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ó ń padà sílé, kì í jẹun tó. Bàbá rẹ̀ gbọ́ òótọ́ lẹ́nu rẹ̀, ní ọjọ́ kẹta ó pè é, ó ní, "Mo ti pe obìnrin yẹn ní ìkà nínú ilé yìí. Mo jẹ ẹ́ ní gbèsè ọ̀rọ̀."

Ọbalolúwa ti padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Makútù, ó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó ń bá a wa iṣu. Kò gbádùn iṣẹ́ náà, kò sì gbádùn oúnjẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ìyá rẹ̀ dúró tì í ní ẹnu ilẹ̀kùn.

"Dìde kí o wẹ̀. À ń lọ sí Kábà."

"Ẹ̀yin tí ẹ lé e lórí àga?"

"Mo lé e. Mo sì lè tún un lé. Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kan fún ọ. Èèyàn kì í ṣàdédé gbọ́ pé bàbá ẹnì kan ń ṣàìsàn kó ní irọ́ ni. Kí ló dé tí ọmọ yẹn ò fi gbà ọ́ gbọ́?"

Ohùn Ọbalolúwa lọ sílẹ̀. "Mo purọ́ ibà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Bọ́ọ̀lù ni mo lọ wò. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti rí mi níbẹ̀."

"Hẹn." Ìyá rẹ̀ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ọdún mélòó lo ti mọ èyí, tí o jẹ́ kí n máa gbé gbogbo rẹ̀ lé ọmọ ọlọ́mọ lórí? Lọ wẹ̀."

Tíṣà Ayọ̀wálé ló ṣí ilẹ̀kùn fún wọn ní Kábà. Àwọn àgbà méjèèjì wo ara wọn bí ẹni tó fẹ́ jà.

"Mi ò wá bẹ̀bẹ̀," ni ìyá Ọbalolúwa wí.

"Èmi ni mo fẹ́ bẹ̀," ni Tíṣà dáhùn. "Mo pè yín ní ohun tí ẹ ò jẹ́. Ẹ wọlé."

Moyinolúwa wà lẹ́yìnkùlé tó ń sá aṣọ. Ọbalolúwa dúró lódìkejì okùn aṣọ náà.

"Ṣé nǹkan mìíràn wà tí o mọ̀ tí mi ò mọ̀?"

"Kò sí."

"Èmi ní ọ̀kan. N kò ní ibà rárá lọ́jọ́ yẹn."

"Mo mọ̀. Mo rí ọ ní pápá."

"Kí ló dé tí o ò fi sọ ìyẹn fún Màámi, kí ẹ̀bi rẹ lè fúyẹ́?"

"Bàbá yín kú. Kò sí ohun tó lè mú un fúyẹ́."

Ọbalolúwa mú etí aṣọ tó tutù náà, ó fún un, omi ń kán sí i lẹ́sẹ̀. "Inú ṣì ń bí mi. Ó lè ṣẹ́ kù títí ọjọ́ alẹ́. Ṣé o lè bá inú tó ń bí mi gbélé?"

"Mo ti ń bá tèmi gbé láti ọjọ́ yìí wá," ni Moyinolúwa wí. Ojú rẹ̀ kún fún omijé, ṣùgbọ́n kò yíjú kúrò lára rẹ̀. Ọbalolúwa mú aṣọ tó kù nínú abọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sá a.

Ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n ṣe ìdána náà, nínú àgbàlá Tíṣà. Àwọn èèyàn Ìyàgbà jókòó lápá kan, àwọn ọmọ Owé, ìyẹn àwọn ará Kábà, lápá kejì, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ bá ara wọn ṣàwàdà, nítorí ìròyìn ìjà náà ti kárí. Wọ́n da aṣọ bo Moyinolúwa lórí, wọ́n sì mú un wá kúnlẹ̀ síwájú ìyá ọkọ. Ìyá Agatha, tó ń darí ètò, gbé ohùn sókè pẹ̀lú ìbẹ̀rù díẹ̀.

"Ìyá wa láti Makútù, ẹ ṣí i lójú, kí ẹ wò ó dáadáa. Ṣé ọmọ tí ẹ wá fẹ́ nìyí?"

Ìyá Ọbalolúwa ká aṣọ náà kúrò. Ó wo ojú ọmọbìnrin náà, ó wò ó títí tí àwọn èèyàn fi ń kùn, títí tí Tíṣà fi sún síwájú lórí àga rẹ̀. Moyinolúwa náà kò wolẹ̀.

"Òun ni," ni ìyá náà wí. "Ẹ má wulẹ̀ mú ẹlòmíràn wá. Èyí ni mo mọ̀."